Ẹ-Bá-Mi ní Ilé Àwọ̀n

Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ ọlọ́já dúdú tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ìbídùnní, ké fín-ín bí ọmọ ẹyẹ, gbogbo èèyàn tó wà nínú Ilé Àwọ̀n sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìka rẹ̀ méjì ṣì wà lórí kókó tí Jókòótadé ń ta lọ́wọ́, iná pupa sì ti tàn lórí ọ̀já dúdú náà.

"Ẹ ti fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹni tí kò béèrè," ni Ẹlẹ́rìí wí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fún un, bí ohùn obìnrin tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí nínú oṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀."

"Mo ti gbé e kúrò."

"Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìbídùnní ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ inú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, ó sanra díẹ̀, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilé yìí láìsí ẹni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ kan tó kọ iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ tí wọn kò bẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ máa ń rí ìṣòro lára èèyàn kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé òun ní ìṣòro, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti débẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni Jókòótadé wí wẹ́lẹ́. Ọmọbìnrin ọdún méjìlélógún ni, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó wọ iṣẹ́. "Mi ò béèrè ni."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo rí i pé òwú yẹn fẹ́ já mọ́ ọ lọ́wọ́ ni."

"Kò fẹ́ já, mà."

Ìbídùnní wo òwú náà dáadáa. Lóòótọ́, kò fẹ́ já.

Ilé Àwọ̀n gùn gbọọrọ ní ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀, ó ń mu oòrùn bí ẹni mu ẹ̀kọ gbígbóná. Èèyàn méjìlá ló jókòó síbẹ̀ ní ìlà méjì, aláǹtakùn kan sì wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ni àwọn aláǹtakùn yìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, wọn kò tóbi ju ewúrẹ́ lọ. Òwú tó tínrín ju irun orí lọ ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí apá àwọ̀n ẹnì kan bá ti pàdé ti ẹlòmíràn, aláǹtakùn á dúró, á ká ẹsẹ̀ jọ, á máa retí èèyàn, torí pé kò tíì sí ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè tí òwú ń bá ìka sọ nígbà tó bá ti le tó. Èèyàn ló ń ta kókó níbẹ̀.

Láti ìgbà tí òjò ti di àlejò tó ń wá nígbà tó bá wù ú, kùrukùru orí òkè ni ìlú ń mu. Wọ́n á ta àwọ̀n sáàárín àwọn òpó lókè lọ́hùn-ún, kùrukùru á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì fi omi rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Omi náà á gba páìpù sọ̀ kalẹ̀ wá sínú táǹkì ìlú. Àwọ̀n àtijọ́ ti gbó. Tuntun ni wọ́n ń hun yìí, lónìí sì ni wọ́n máa gbé e gòkè, torí àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ti ní kùrukùru ń bọ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí èyí bá kọjá, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òmíràn tó dé. Omi tó kù nínú táǹkì kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀gá Akínbobọ́lá ti ń bọ̀ láti ọ́fíìsì. Ọkùnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé.

"Ìbídùnní."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì."

"Kò ní sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, sà."

"Bó bá wà, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Kì í ṣe èmi ni mò ń kọ ìwé ìgbéni-kúrò, Ẹlẹ́rìí ló ń kọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, o ti di ará ilé ìkẹ́rùsí, ìwọ àti àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé páálí."

Ìbídùnní ti dé ilé ìkẹ́rùsí náà rí. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. Kì í rẹ àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀, ebi kì í pa wọ́n, orí kì í fọ́ wọn, ìyàwó wọn kì í bímọ. Kò mọ ohun tí òun á máa fi ara òun ṣe níbẹ̀.

"Ọ̀gá, oore ni mò ń ṣe," ó wí.

"Mo mọ̀. Oore náà ni Fọlárànmí ṣe fún mi." Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. "Mo wà lórí òpó, mò ń so okùn. Ó wo òkè, ó rò pé mo ti ṣe tán. Kó lè gbà mí lọ́wọ́ wàhálà, ó bá mi tú okùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni títí dòní, ó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀lé ọdún yẹn ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé 'Ẹ bá mi' kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé òfin náà."

Ọ̀gá yí sí apá àwọ̀n tó wà níwájú Ìbídùnní.

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Ti gbogbo èèyàn yòókù kò ku ju mẹ́ta lọ. Kí lo wá ṣe ní gbogbo àná?"

Látúndé ló dáhùn láti ìlà kejì, ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlógójì tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. "Èèyàn méje ló ní kó bá àwọn lánàá, sà. Kò sọ fún ẹnì kan pé rárá. Èmi gan-an wà lára wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra.

"Ẹni tó bá ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò," ó wí. "Ihò kan ṣoṣo tó bá wà lára àwọ̀n yìí, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, á sì fà á ya látòkè délẹ̀. Mi ò lè gbé e gòkè láìpé. Jókòó ti iṣẹ́ rẹ, Ìbídùnní. Jọ̀ọ́."

Ó jókòó tì í lóòótọ́. Fún wákàtí kan gbáko, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Aláǹtakùn rẹ̀ ń sáré, òun náà ń ta kókó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá di mẹ́wàá. Ìgbà tó nàró láti na ẹ̀yìn rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sọ́dọ̀ Látúndé.

Kókó igun ni Látúndé ń ta, èyí tí òwú mẹ́ta ti ń pàdé, òun ló le jù nínú gbogbo kókó. Ó gbé òwú àárín gba òkè. Ìbídùnní mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé yóò tú. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, bí ìgbà tí èèyàn bá rí ìkòkò tó ń hó dànù nílé onílé. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó rìn lọ bá a. Òfin kò ní kéèyàn má fẹnu béèrè.

"Látúndé, ṣé kí n bá ọ?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ ṣeun."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ẹlẹ́rìí ṣe "hẹn" lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, bí ìyá ọkọ tó ń wúkọ́ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ ti béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti dáhùn."

Ó padà. Ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Láti ibẹ̀ ló ti rí i tí kókó náà tú. Látúndé ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó tú. Ìbídùnní ń fọkàn bá a ta á. Ó wò ó tí ó gbé òwú náà sójú, tó yí i síbí, tó yí i sọ́hùn-ún, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ta á lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún tú. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó gbé òwú àárín gba ìsàlẹ̀, ó fà á, kókó náà di, kò mì.

Látúndé jókòó síbẹ̀, ó ń wo kókó náà, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì fún. Ìbídùnní wo ojú náà títí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá àwọn èèyàn wọ̀nyí ta kókó. Wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹnu fi bó wọn. Ṣùgbọ́n kò rí irú ojú yìí rí lára ẹnì kankan tí òun ràn lọ́wọ́.

Nígbà tó di agogo méjìlá, àwọn yòókù jáde lọ jẹun lábẹ́ igi mángòrò. Àwọn mẹ́jọ ti parí tiwọn. Ẹsẹ̀ bàtà méje ló kù fún Ìbídùnní, kò dìde. Jókòótadé gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ méjì wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Àǹtí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan, àmọ́ ẹ̀rù yín ń bà mí."

"Ẹ̀rù mi? Èmi tí mo bá ọ gbé àpò lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ dé?"

"Ìyẹn gan-an ni, mà." Jókòótadé ń tú ewé ẹ̀kọ, kò wò ó lójú. "Kókó olówùú mẹ́ta, ẹ ti bá mi ta á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èmi ni mo béèrè, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kẹ́ ẹ fi hàn mí, ẹ máa ń ní kí n lọ sinmi, pé ẹ ó ṣe é. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n ta dòní. Tí mo bá ti wá rí yín tí ẹ ń bọ̀ báyìí, mo máa ń fara bo iṣẹ́ mi."

Ọwọ́ Ìbídùnní dúró lórí òwú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, kò sì lè sọ pé irọ́ ni.

"Mi ò mọ̀," ó wí níkẹyìn.

"Gbogbo wa la fẹ́ràn yín, mà. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti sọ. Àwa náà sì ń fẹ́ ṣe nǹkan fún yín, kò sí àyè. Látúndé ní òun ti wà níbí fún ọdún mẹ́fà, òun ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí."

"Gbọ́ kí ni?"

"Ẹ bá mi."

Ìbídùnní ṣí ẹnu láti sọ pé irọ́ ni, pé dájúdájú òun ti sọ ọ́ rí. Ó ronú padà sẹ́yìn. Ó rántí ìgbà tí ibà ṣe é tó fi ń gbọ̀n lórí ìjókòó, tó ní òtútù ẹ̀rọ ni. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, tó jẹ́ òun ló ń pín àga fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Kò rí ìgbà kankan.

Kó tó sọ̀rọ̀, fèrè orí òrùlé dún, gígùn mẹ́ta. Àwọn tó wà lábẹ́ mángòrò dìde pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Ohùn Ọ̀gá Akínbobọ́lá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé: "Afẹ́fẹ́ ti yí. Agogo méjì ni kùrukùru máa dé, kì í ṣe mẹ́rin mọ́. Àwọn ẹyẹ irin máa gbéra ní agogo kan ààbọ̀. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó parí rẹ̀."

Ẹyẹ irin ni àwọn ọkọ̀ kékeré mẹ́fà tó máa ń gbé àwọ̀n fò gòkè. Wọ́n ti ń yí apá wọn ní àgbàlá, ariwo wọn dà bí ti oyin. Láàárín ìdajì wákàtí, àwọn mẹ́ta tó kù parí tiwọn. Ìbídùnní nìkan ló kù, ó sì ku ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.

Ó ní kí aláǹtakùn rẹ̀ sáré sí i. Ó sáré. Ó ní kó tún sáré sí i. Ẹsẹ̀ kan já òwú, òmíràn tẹ òwú náà mọ́lẹ̀, ni ẹ̀rọ náà bá lọ́ ara rẹ̀ mọ́ra, ó ṣe kẹ́kẹ́, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òwú tó lọ́ mọ́ra wọn wú jáde lábẹ́ rẹ̀ bí ìdì irun.

Nígbà tí Ìbídùnní gbójú sókè, gbogbo wọn ti yí i ká. Mọ́kànlá wọn, pẹ̀lú Ọ̀gá lẹ́yìn wọn. Gbogbo wọn ká ọwọ́ sẹ́yìn bí òfin ṣe wí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò ó.

"Ẹ má dààmú ara yín," ó wí. "Ó ti fẹ́ parí."

"Àǹtí," ni Jókòótadé wí, "ṣé kí n bá yín?"

"Rárá, ọmọ mi. Lọ parí oúnjẹ rẹ."

"Ṣé kí n bá yín?" ni Látúndé wí.

"O ṣeun, Látúndé. Lọ sinmi, o ti ṣiṣẹ́ gan-an."

Ẹni tó tẹ̀lé e béèrè, Ìbídùnní dá a lóhùn. Ẹni tó tẹ̀lé e náà béèrè. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ń fa òwú tó lọ́ náà, bó ṣe ń fà á ló ń lọ́ sí i. Òógùn ti bò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti béèrè. Nígbà tí àwọn mọ́kànlá ti béèrè tán, ariwo ẹyẹ irin nìkan ló kù.

Ọ̀gá Akínbobọ́lá wo aago. "Ogún ìṣẹ́jú," ó wí. Òun náà kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n bá a. Ó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbídùnní ni àkọ́bí nínú ọmọ méje. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Ti Ìbídùnní yìí, kì í yọ èèyàn lẹ́nu." Láàárín gbogbo ariwo ilé yẹn, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni wọ́n máa ń fi yìn ín. Ó sì ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe aṣọ wọ̀, ó ti wọ̀ ọ́ fún ogójì ọdún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Bí òun bá béèrè ńkọ́, tí wọ́n wá rí i pé òun náà dà bí ẹnikẹ́ni, kí ni wọ́n á tún máa fẹ́ràn lára òun? Ó wo ojú wọn. Jókòótadé ń gé ètè jẹ. Látúndé ti tẹ síwájú bí ẹni tó ń dúró de fèrè eré ìje. Kò sí ẹni tó ń wò ó bí ẹni tó ń dá ẹjọ́ láàárín wọn. Ńṣe ni wọ́n dà bí àwọn tí ebi ń pa, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi tí oúnjẹ wà.

Ó yà á lẹ́nu. Wọ́n ń fẹ́ bá a ṣe é. Ohun tó máa ń yún òun lọ́wọ́ ló ń yún àwọn náà báyìí, òun ló sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ọdún mọ́kànlá wá.

"Ẹ bá mi," ó wí.

"Ẹ má bínú," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Mi ò gbọ́ yín."

"Ẹ bá mi."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Ariwo wà níta."

Látúndé fi ètè bo eyín, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìbídùnní rí i, ni ẹ̀rín bá bẹ́ jáde lẹ́nu òun náà láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà ló sì gbé ohùn rẹ̀ jáde.

"Mo ní ẹ bá mi. Mi ò lè dá a ṣe, òwú ti lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí látàárọ̀, ebi sì ń pa mí. Gbogbo yín, ẹ wá bá mi."

Iná àwọ̀ ewé tàn lórí Ẹlẹ́rìí tó wà lọ́rùn ọwọ́ àwọn mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bò ó bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún adìyẹ láàárọ̀. Ẹnì kan gbé aláǹtakùn tó kú náà kúrò. Ẹni méjì ń tú òwú. Látúndé gbé aláǹtakùn tirẹ̀ wá, ó sì tì í sí àyè. Ẹnì kan ki mọ́ínmọ́ín bọ Ìbídùnní lẹ́nu kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó dùn. Kò pẹ́ tí Látúndé fi orúkọ rẹ̀ dá orin sílẹ̀, pé Ìbídùnní ti béèrè, ayé ò bàjẹ́, ọ̀run ò já, àwọn yòókù sì ń gbè é, ọwọ́ wọn ń lọ bí ẹsẹ̀ oníjó.

Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún di méjì. Ó di ọ̀kan. Ìgbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, kókó kan ló kù, kókó igun, olówùú mẹ́ta. Jókòótadé ló sún mọ́ ọn jù.

Ọwọ́ Ìbídùnní ti gbéra. Ó mọ̀ pé òun lè ta á ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó dá ọwọ́ náà dúró lófuurufú, ó sì gbé e lé orúnkún rẹ̀.

"Jókòótadé," ó wí, "bá mi ta á. Èmi á máa sọ ọ́, ìwọ á máa ṣe é."

"Àǹtí, àkókò ti lọ."

"Àkókò wà. Mú òwú àárín. Kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀ẹ́n, òun nìyẹn. Gbà á nísàlẹ̀. Má wo ojú mi, òwú ni kó o wò."

Ọmọbìnrin náà gbà á nísàlẹ̀. Ó fà á, ó tú. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ìbídùnní kò mì. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó ti rí sùúrù náà.

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di," ó wí. "Tún un ṣe. Nígbà tó o bá gbọ́ pé ó sọ pé ó tó, má fà á mọ́."

Jókòótadé dijú. Ó gbé e nísàlẹ̀, ó yí i, ó rọra fà á, ó sì dúró níbi tó yẹ kó dúró. Kókó náà di. Ó la ojú, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, àti ìsàlẹ̀ wá sókè, bí ilẹ̀ tó ń mọ́. Ìbídùnní rí i láti ìtòsí lọ́tẹ̀ yìí. Ó ronú pé bí ó bá jẹ́ pé ohun tí òun ń wá láti ọdún mọ́kànlá nìyí, ọ̀nà tí òun ń gbà wá a kọ́ ló ń gbé.

Àwọn ẹyẹ irin gbé àwọ̀n náà ní agogo kan ààbọ̀ géérégé. Wọ́n jáde sí àgbàlá, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń gòkè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn òkúta, ó ń dán, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, títí ó fi dé àárín àwọn òpó, tí àwọn ìkọ́ sì gbá a mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí orí òkè fi pòórá. Kùrukùru ti ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, funfun, ó wúwo, ó wọ inú àwọ̀n náà lọ. Wọ́n ń retí ariwo àwọ̀n tó ya. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri Ilé Àwọ̀n, níbi tí páìpù ti gba kọjá lọ sí ìlú. Gbogbo wọn rọ̀ mọ́ ọn. Ó mí hẹ̀ẹ̀. Ó wúkọ́. Ó tu ìpẹtà díẹ̀ jáde, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi dé, tẹ́ẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó tó wá di èyí tó nípọn bí ìka, tó tutù nini.

Àṣà ilé náà ni pé ẹni tó bá ta kókó ìkẹyìn ló ń mu ife àkọ́kọ́. Ọ̀gá Akínbobọ́lá fúnra rẹ̀ ló bu omi náà, ó gbé e fún Jókòótadé. Jókòótadé mu díẹ̀, ó nu ẹnu, ó sì gbé ife náà fún Ìbídùnní, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan.

"Àǹtí, tiyín nìyí."

Ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ti dé orí ahọ́n rẹ̀: fún Látúndé ná, fún Ọ̀gá ná, ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́. Ó gbé e mì. Ó gba ife náà, ó gbé e sẹ́nu. Omi náà tutù dé ọkàn, ó ní adùn òkúta àti ti ewé. Ó mu ún láìsinmi, kò gbé e kúrò lẹ́nu títí ó fi tán, àwọn èèyàn rẹ̀ ń wò ó, inú wọn sì ń dùn bí ẹni pé àwọn ló ń mu ún.

Ó mí kanlẹ̀. Ó wo inú ife náà, ó na án síwájú.

"Ó dùn gan-an," ó wí. "Ẹ bu díẹ̀ sí i fún mi."